Ṣé báǹkì lè fi bí mo ṣe ń tẹ fóònù dá mi mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Láìpẹ́ yìí, áàpù báǹkì mi gbé ìwé gbọọrọ kan síwájú mi pé àwọn yóò máa wo bí mo ṣe ń lo fóònù, kí wọ́n lè dáàbò bo owó mi, kí n tẹ "Mo gbà". Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọ tó ń bá mi tajà fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí aláró láti orí fóònù mi bó ṣe máa ń ṣe, owó kò lọ. Áàpù ní àfi kí n gbé ojú mi síwájú fóònù. Ọmọ mi tó wà ní London ní báǹkì ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé olè kò lè kọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́? Kí ni wọ́n tún ń rí nípa mi? Bí ọwọ́ bá wá ń dùn mí ńkọ́? — Ìyá aládìrẹ kan

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ kú àmójútó. Òótọ́ lọ́mọ yín sọ. Áàpù yẹn ti mọ ọwọ́ yín. Nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíì bọ́ sí i, ó fura. Ó lè má jẹ́ ọwọ́ nìkan ló fa ìfura náà o. Bí owó ọjọ́ yẹn bá pọ̀ ju èyí tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ lọ, tàbí tí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì tuntun, ìyẹn náà á ti kún un. Báǹkì kì í fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dájọ́. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọwọ́ ọmọ yẹn wà lára ẹ̀rí tó rí.

Behavioural biometrics ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Ìka tí ẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba BVN, àti ojú yín tí wọ́n yà fún NIN, ti ara nìyẹn. Ti ìṣesí ni eléyìí. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀ pé ọmọ yín ló ń bọ̀ kó tó ya ẹnu rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni áàpù ṣe ń mọ ẹni tó mú un dání.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń lo irú ọgbọ́n yìí. Láyé tí wọ́n ń fi Morse, ìyẹn ìró gígùn àti kúkúrú tó dúró fún lẹ́tà, tẹ wáyà, àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ máa ń mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti ìlú kejì, torí kálukú ló ní bó ṣe ń fa ìró gígùn àti bó ṣe ń gé kúkúrú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń tẹ́tí sí rédíò àwọn ọmọ ogun Jámánì jèrè èyí gan-an. Àwọn Jámánì a máa yí orúkọ ìpè wọn padà kí ọ̀tá má baà mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í yí padà, ìyẹn ló sì ń tú wọn fó pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà níbí lánàá ti ṣí lọ síbòmíì. Ní 1980, ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn akọ̀wé tó mọ taípù dunjú ni wọ́n fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ iye owó. Ẹ tẹ 4. Ìka yín kan gíláàsì, ó sì kúrò. Àkókò tó fi wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìka fò lọ sórí 9. Àkókò tó fi fò náà wọlé. Ibi tí ìka bà lórí bọ́tìnnì, bóyá àárín gan-an ni àbí ẹ̀bá ọ̀tún, àti bí ojú ìka ṣe fẹ̀ tó lórí gíláàsì, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Nínú fóònù tún ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wà tí wọ́n ń mọ̀ bí fóònù bá mì tàbí tó bá dagun; àwọn ló ń jẹ́ kí àwòrán yí padà nígbà tí ẹ bá fi fóònù dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń mì díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìmì yẹn kò sì rí bákan náà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni tó jókòó sórí àpótí nísọ̀, tó fi ọwọ́ òsì di fóònù mú, tó ń fi ìka kan ṣoṣo lára ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, fóònù rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wà lórí ìdúró, tó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà tó tún ń dá oníbàárà lóhùn, fóònù tirẹ̀ a nàró. Ẹ ò rí i pé kò ṣòro fún ẹ̀rọ láti ya ẹ̀yin àti ọmọ yẹn sọ́tọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti ìrántí. Ẹni tó ni orúkọ kì í ronú kó tó tẹ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́, ìka rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Olè tó ń wò ó láti inú ìwé á tẹ mẹ́ta, á dúró, á wo ìwé, á tún tẹ méjì, tàbí kó kúkú ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ibòmíì kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá dé ojú ewé tí wọ́n ti ń fi ẹni tuntun sára àwọn tí a ń fowó ránṣẹ́ sí, olè náà á yára ju olówó lọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ló ń débẹ̀. Kí èèyàn máa fà nínú orúkọ ara rẹ̀, kó wá máa sáré níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣì í, ohun tó ń lani lójú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ní 2018 nípa Royal Bank of Scotland, tó ń lo irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ BioCatch. Ẹnì kan wọlé sí àkáǹtì oníbàárà ńlá kan. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni náà fi kẹ̀kẹ́ kékeré orí máòsì yí ojú ewé, ohun tí olówó kò ṣe rí. Nígbà tó sì kan nọ́ńbà, ìlà nọ́ńbà tó wà lókè bọ́tìnnì ló lò, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ti apá ọ̀tún ni olówó máa ń lò. Báǹkì ní kí owó kankan má jáde. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé olè ni lóòótọ́, owó tó wọ mílíọ̀nù ló sì fẹ́ kó lọ. Irú ẹ̀rọ yẹn tún máa ń dẹ okùn fúnra rẹ̀: ó lè mú kí àmì atọ́ka máòsì pòórá fún ìgbà kúkúrú jọjọ, kó wo bí ẹni náà ṣe máa wá a. Bí ẹ̀yin ṣe ń wá a kọ́ ni èmi ṣe ń wá a. Ètò kọ̀ǹpútà tí olè rán níṣẹ́ kì í tilẹ̀ wá a rárá.

Ẹ wá bi mí bóyá olè kò lè kọ́ ọ. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín nísọ̀ lè rí PIN yín, ó sì lè fi sórí. Ṣùgbọ́n kò lè rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Láti kọ́ ọwọ́ ẹlòmíì, ó gbọ́dọ̀ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà, kí ẹ̀rọ sì máa sọ fún un bó bá yára jù tàbí tó bá lọ́ra jù. Àwọn olùwádìí fi hàn ní 2013 pé bí ẹnì kan bá rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè kọ́ taípù ẹlòmíì débi tí ẹ̀rọ á fi gbà á wọlé. Nítorí náà ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ jí owó aláró.

Ọ̀nà tó rọrùn fún olè wà, Màmá, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Gbájúẹ̀ kan lè pè yín pé òun ti báǹkì wá, kí ẹ gbé AnyDesk tàbí TeamViewer sórí fóònù kí òun lè bá yín tún un ṣe. Bí ẹ bá gbà fún un, láti ọ̀nà jíjìn ni yóò ti máa darí fóònù yín. Ẹ̀rọ ìṣesí dára gan-an níbi irú èyí: fóònù dùbúlẹ̀ sórí tábìlì kò mì rárá, síbẹ̀ nǹkan ń tẹ bọ́tìnnì, kò sí ìka tó ní ìwọ̀n lórí gíláàsì. Ìyẹn kì í ṣe èèyàn tó mú fóònù dání.

Èyí tó burú jù ni kí oníjìbìtì fi ọ̀rọ̀ dídùn tàbí ìdẹ́rùbà mú kí ẹ̀yin fúnra yín fi owó ránṣẹ́. Ọwọ́ yín ni, fóònù yín ni, ìsọ̀ yín ni ẹ jókòó sí. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ rí? Àwọn báǹkì kan ń wá àmì pé ẹnì kan ń pàṣẹ fún èèyàn lórí fóònù: ìpè ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí áàpù báǹkì wà ní ṣíṣí, fóònù ń lọ sí etí ó ń bọ̀, èèyàn dúró pẹ́ títí kó tó tẹ "Firánṣẹ́". Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé e: láti 7 October 2024 ni wọ́n ti ṣe é lófin pé kí báǹkì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n fi irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ mú lórí ètò ìfowóránṣẹ́ wọn ti wàrà-ǹ-ṣeṣà, títí dé £85,000, bí ẹni náà kò bá ti jẹ̀bi àìkáràmáásìkí tó pọ̀jù. Ẹ sọ fún ọmọ yín ní London kó mọ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nǹkan yìí máa ń ṣì í. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ìwádìí tí Killourhy àti Maxion ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní 2009. Wọ́n kó èèyàn 51 jọ, wọ́n ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà nígbà 400, wọ́n wá fi oríṣiríṣi ìlànà ìṣirò wò ó bóyá ẹ̀rọ lè yà wọ́n. Ìlànà tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣì ń ṣe àṣìṣe bíi 9.6 nínú 100: bó ṣe ń kọ olóhun náà ló ṣe ń gba àjèjì. Lóòótọ́, fóònù ń rí ju taípù lọ, báǹkì sì ń fi ibi tí ẹ wà, àkókò àti iye owó kún un, nítorí náà ti báǹkì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní èèyàn mílíọ̀nù kan ló ń wọ áàpù báǹkì kan lóòjọ́, tí ẹ̀rọ sì mọ́ṣẹ́ débi pé ẹyọ kan péré ló ń ṣì nínú ọgọ́rùn-ún. Olóòótọ́ bí 10,000 ni yóò dá dúró lọ́jọ́ kan. Bí olè 100 bá wà láàárín wọn tó sì mú 99, ẹ ó rí i pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó ń dá dúró, nǹkan bí ẹnì kan péré ni olè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ohun tí áàpù yín ṣe, ó ṣe é dáadáa. Kò ti àkáǹtì pa. Kò pè yín lólè. Ó fura, ó ní kí ẹ gbé ojú wá, ó tán. Ìfura ni nǹkan yìí wúlò fún, kò wúlò fún ìdájọ́, kò sì gba ipò PIN. Bí báǹkì kan bá wá ti àkáǹtì èèyàn pa nítorí pé ẹ̀rọ sọ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò dátà tí wọ́n bọwọ́ lù ní Nàìjíríà ní June 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ béèrè fún un. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, Nigeria Data Protection Commission wà, àwọn ló ń gbọ́ ẹjọ́ òfin yẹn.

Ibì kan wà tí ẹ̀ṣọ́ yìí kò dé rárá, mi ò sì gbọ́ kí báǹkì máa pariwo rẹ̀: USSD. Bí ẹ bá tẹ àwọn kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ yẹn láti fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà fóònù yín àti nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ nìkan ló ń dé báǹkì. Báǹkì kò rí ìka, kò rí ìmì fóònù. Olè tó bá jí fóònù yín ní Kútọ̀, tó yọ SIM rẹ̀ sínú fóònù kékeré tó sì mọ PIN USSD yín, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ìṣesí. Nítorí náà ẹ fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀ láti inú ìṣètò fóònù, kó má lè ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ má méfò rẹ̀ o. Bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta yóò tì, ó di kí ẹ máa wá PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó ti tì, kiri. Ọ̀pọ̀ báǹkì tún ní kóòdù tí ẹ lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹnikẹ́ni láti fi dá àkáǹtì yín dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè yín nísọ̀, kì í ṣe sínú fóònù.

Ní ti ohun tí wọ́n tún ń rí. Áàpù báǹkì kò lè rí ohun tí ẹ ń tẹ̀ nínú WhatsApp. Inú ara rẹ̀ nìkan ló ti ń rí taípù yín. Ẹ̀rọ ìmì fóònù ni tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí lórí Android, áàpù kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó kà á. Ẹni méjì ló lè rí taípù yín níbi gbogbo: kíbọ́ọ̀dù tí ẹ gbà láti ìta, àti áàpù tí ẹ fún láyè níbi tí wọ́n ń pè ní Accessibility. Wọ́n ṣe àyè kejì yìí fún àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Olè ló wá sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ wọ inú ìṣètò fóònù yín lónìí kí ẹ wò ó: áàpù yòówù tó bá wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó tó ń ṣe fún ojú tàbí ọwọ́ yín, ẹ pa á.

Ìṣesí tún ń sọ ju "ta nìyí" lọ. Ní 2016, àwọn olùwádìí MIT fi hàn pé bí ìka ṣe ń dúró lórí bọ́tìnnì lè jẹ́ kí wọ́n ya àwọn tí àrùn Parkinson ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí ara wọn le. Fún dókítà, ẹ̀bùn ni. Fún ẹni tó fẹ́ yá yín lówó tàbí tó fẹ́ ta ìbánigbófò fún yín, ọ̀rọ̀ náà gba ìfura. Nítorí náà, èrò tèmi rèé: ẹ jẹ́ kí báǹkì tí owó yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò ó, nítorí bí olè bá wọlé, àtẹ̀yin àtòun ló kàn. Áàpù ayánilówó tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ má gbà fún un. Ẹ sì lè kọ̀wé sí báǹkì láti béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ààbò nìkan ni wọ́n ń lò ó fún, ta ni wọ́n ń kó o fún, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́. Òfin 2023 yẹn ka àmì ìdánimọ̀ ara àti ti ìṣesí mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra púpọ̀, wọn kò lè ní kò kàn yín.

Bí ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ má fòyà. Ẹ̀rọ náà ń kọ́ yín lọ ni. Bí ọwọ́ bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, yóò máa bá a yí. Bó bá jẹ́ òjijì ni, bí ìgbà tí wọ́n di POP mọ́ ọwọ́, yóò máa béèrè ojú lọ́wọ́ yín lemọ́lemọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó mọ ọwọ́ kejì. Fóònù tuntun náà ń fà á, gíláàsì tó fọ́ ń fà á. Kódà èdè ń fà á: ẹni tó ń tẹ lẹ́tà "e" mọ́lẹ̀ kó tó rí "ẹ", tó tún ń wá àmì ohùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá bí ìgbà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe pààrọ̀ fóònù àti SIM lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fẹ́ san owó ńlá.

Ó wá ku ti ọmọ tó ń bá yín tajà. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, ọ̀kan nínú méjì ni: kí áàpù máa dá yín dúró ní gbogbo ìgbà, tàbí kó wá mọ ọwọ́ méjèèjì ní tiyín, ìyẹn sì ni pé yóò máa gba ọwọ́ tí kì í ṣe tiyín láyè. Bí owó bá sì sọnù lọ́jọ́ kan, ohun àkọ́kọ́ tí báǹkì máa bi yín ni ẹni tó tún mọ PIN yín. Bó bá jẹ́ pé kó rí i pé oníbàárà ti sanwó ni ẹ ṣe ń fún un ní fóònù, ẹ ní kí báǹkì máa fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tirẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń sanwó fún aláró, ẹ ṣí àkáǹtì iṣẹ́ tó gba èèyàn méjì. Ọmọ náà á tẹ iye owó àti nọ́ńbà aláró láti orí fóònù tirẹ̀, pẹ̀lú PIN tirẹ̀. Kò ní lọ. Yóò wá sí orí fóònù yín, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín fọwọ́ sí i.